Ibà Tó Gba Ẹnu Jáde

Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlélógójì ni Alọṣọ ti lọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kò sì lè sọ àwọ̀ ọ̀kankan nínú wọn. Ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kọ́là lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èjìká, apá ọ̀tún, apá òsì, kó tó wá kan iwájú níbi tí bọ́tìnnì wà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń dúró nídìí tábìlì yẹn ní ilé ìfọṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ibi tí sìmẹ́ǹtì ti jìn. Ẹni tó bá ń wò ó láti ẹ̀yìn á ní obìnrin yìí mà gbájú mọ́ṣẹ́ o. Irọ́ gbáà. Gbogbo ọkàn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìdodo, ibẹ̀ ló ti ń ṣọ́ ara rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, bóyá yóò yún, bóyá yóò ta, bóyá yóò gbóná.

Ó ti wọ ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí aago mẹ́wàá tó lù, òun àti dígí kékeré kan tó fi pamọ́ sínú báàgì. Ohun tó rí lánàá náà ló rí lónìí, ìyẹn ni pé kò rí nǹkan kan. Àmọ́ tí èèyàn bá tẹjú mọ́ ara rẹ̀ pẹ́ jù, kò sí ibi tí kò ní jọ àìsàn lójú rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́, àyẹ̀wò ló rẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọkùnrin kan wà tó máa ń wá tún ìkòkò ooru ilé ìfọṣọ náà ṣe, èyí tó ń fẹ́ ooru sínú àwọn áyọ́ọ̀nù. Sípánà ni gbogbo wọn ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà, kì í pariwo, ó sì máa ń nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó kí èèyàn. Ọdún méjì ni òun àti Alọṣọ fi ń dápàárá, tí ìkòkò ooru ń bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tí àwọn obìnrin yòókù ń fojú bára wọn sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Alọṣọ bá a lọ sí yàrá rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni, ọkọ tó ní nígbà kan ti kẹ́rù lọ tipẹ́ láìsí ọmọ láàárín wọn, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ibi tó lọ. Ó gbádùn ara rẹ̀, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rín ló rín délé.

Lọ́jọ́ kẹta ni Sípánà pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún ẹ ṣáájú," ó ní. "Dókítà ti sọ ọ́ fún mi ọjọ́ ti pẹ́. Hẹ́pìsì ni wọ́n ń pè é. Ìléròrò ni, ó máa ń sú sí mi lábẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti tó ọdún méjì tí kò yọjú. Lọ́jọ́ yẹn náà kò sí níbẹ̀, mo wò ó dáadáa."

"Ẹ wò ó dáadáa," Alọṣọ tún un sọ.

"Mo wò ó."

"Ẹ wá rí ẹnu sọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣe tán."

"Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá sọ ọ́, o máa lọ."

"Ẹ kú ìrònú," Alọṣọ ní, ó sì pa fóònù. Láti ìgbà náà, Sípánà ti pè é lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, kò gbé e lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n lo rọ́bà lọ́jọ́ náà, ó rántí ìyẹn dáadáa, àmọ́ ó ti kà á níbì kan lórí fóònù pé rọ́bà kì í bo gbogbo ara. Ó sì ka àwọn mìíràn mọ́ ọn, èyí tí kò bá ti má kà.

Ilé gan-an ni wàhálà wà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń gbé, ní yàrá mẹ́ta tó dojú kọ ọ̀nà kan tóóró. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti wá bímọ síbẹ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìn. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Alọṣọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọmọ náà gbé. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní tíì bọ́ bàtà tí yóò ti na ọwọ́. Láti ọjọ́ tí Sípánà ti pè é, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ti ya ọṣẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó ya táwẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀, ó ń se aṣọ abẹ́ rẹ̀ nínú omi gbígbóná bí ẹni ń se oúnjẹ. Tí ọmọ náà bá ń sunkún, á jáde síta.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi gbé e díẹ̀ kí n lọ wẹ̀," àbúrò rẹ̀ sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

"Ọwọ́ mi dọ̀tí."

"Mo rí yín tí ẹ ń fọ̀ ọ́ báyìí báyìí."

"Ọ̀fìnkìn fẹ́ mú mi, mi ò fẹ́ kó ràn án."

Àbúrò rẹ̀ wò ó títí, ó gbé ọmọ rẹ̀ padà sí yàrá. Nígbà tó yá, Alọṣọ gbé bàsíà kọjá lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó gbọ́ ohùn ìyá wọn nínú.

"Fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò rí tirẹ̀ gbé, kò lè rọrùn fún un láti máa gbé tẹlòmíì."

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé mo bú u ni? Mo ní kò rọrùn ni."

Alọṣọ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàsíà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọnú eegun. Ó lè wọlé kó ní, ẹ gbọ́, ọmọ yìí ni mò ń dáàbò bò. Àmọ́ ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé láti orí Sípánà ni, àbí láti orí bẹ́ẹ̀dì? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó lọ da omi rẹ̀ nù.

Ọjọ́ kejì, ibà mú ìyá wọn. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n, ó sùn lọ́sàn-án, ohun tí kì í ṣe. Nígbà tó máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìléròrò wẹ́wẹ́ ti sú sí igun ètè rẹ̀ lápá òsì, wọ́n pọ́n, wọ́n kún fún omi. Inú ilé náà dùn. Bẹ́ẹ̀ ni o, inú wọn dùn. Nínú ilé yìí, ohun tí gbogbo èèyàn ń retí nìyẹn láti ìgbà tí Alọṣọ ti gbọ́njú. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ti sú, wọ́n á ní ibà ti gba ẹnu jáde, ó parí, kò tún ní padà sẹ́yìn. Ìyá wọn a máa pe ará ilé kejì wá wò ó. Ẹnu Alọṣọ náà máa ń sú bẹ́ẹ̀ láti kékeré, pàápàá tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ó sì máa ń fi yangàn pé ara òun lágbára, kì í gba ibà láyè. Ẹnu àbúrò rẹ̀ kì í sú ní tirẹ̀. "Tìẹ máa ń jókòó sínú ni," ìyá wọn á máa káàánú rẹ̀.

"Ẹ kú ewu o, Màmá," àbúrò rẹ̀ ní láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ó ti jáde."

"Ó ti jáde, ọpẹ́ ni." Màmá na ọwọ́. "Gbé ìyàwó mi wá, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i."

Imú ọmọ náà dí díẹ̀. Màmá tẹ́ ẹ sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu bo imú kékeré náà, ó fà á, ó tu ú sínú aṣọ. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà sín, ó mí kanlẹ̀, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Alọṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wọ bàtà ibi iṣẹ́, ó ń jowú ìyá rẹ̀. Ohun tó ń sọ lọ́kàn ni pé ẹnu ti ìyá òun mọ́.

Ìdí nìyẹn tí kò fi lè rí àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní aago méjìlá, ó pa áyọ́ọ̀nù, ó lọ bá máníjà.

"Mo fẹ́ lọ rí nọ́ọ̀sì."

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ obìnrin ni."

Máníjà yára gbójú sórí ìwé rẹ̀. "Máa lọ, máa lọ."

Ilé ìtọ́jú náà kò ju ìdúró bọ́ọ̀sì mẹ́ta lọ. Yàrá kan ni, bẹ́ńṣì kan, fáànù tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Nọ́ọ̀sì náà jẹ́ àgbàlagbà obìnrin tó fi okùn so jígí ojú mọ́ ọrùn. Ó pa ìlẹ̀kùn dé, ó jókòó.

"Mo ń gbọ́ yín."

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni," Alọṣọ bẹ̀rẹ̀. "Ó bá ọkùnrin kan lò pọ̀, ọkùnrin náà wá sọ pé..."

"Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Ṣé ó wà níta ni, kí n pè é wọlé?"

Alọṣọ wo ilẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ báyìí."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ nípa rọ́bà, nípa dígí, nípa ọṣẹ tó yà sọ́tọ̀. Nọ́ọ̀sì kò ya ẹnu, kò mí kanlẹ̀, kò ṣe bí ẹni gbọ́ nǹkan ńlá. Ìyẹn gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí Alọṣọ sunkún.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ lo rọ́bà, kò sì yọ sí i lára," nọ́ọ̀sì ní. "Ó lè ràn yín, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ ó ṣeé ṣe jù pé kò ràn yín. Tí nǹkan kan bá sú, kí ẹ wá lọ́jọ́ náà gan-an. Tí kò bá sú, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni kí ẹ wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kì í pààyàn. Ọ̀pọ̀ tó wà lójú títì tẹ́ ẹ ń wò yẹn ló ní i, wọn ò mọ̀. Ọṣẹ àti táwẹ́ẹ̀lì ò sì ṣe nǹkan kan, ìfarakanra ló fi ń ràn."

"Ọmọ tuntun wà nílé wa. Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ẹ lè gbé e. Ẹ ṣáà fọwọ́. Ẹnu ló yẹ kí ẹ ṣọ́." Nọ́ọ̀sì gbé jígí sójú, ó fa Alọṣọ sún mọ́ ara rẹ̀. "Kí ni àpá tó wà létè yín yìí?"

Alọṣọ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ púpọ̀. "Ìyẹn? Ibà ni. Ó máa ń gba ẹnu mi jáde láti kékeré. Tìyá mi náà."

"Ibà kọ́. Òun náà nìyẹn."

"Òun wo?"

"Hẹ́pìsì. Ọmọ ìyá kan náà ni èyí tó ń yọ lẹ́nu àti èyí tó ń yọ lábẹ́. Ibà kàn máa ń jí i ni. Ìyá yín ló fẹnu kó o ràn yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ẹni kan ló sì kó o ran òun náà. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ẹ̀yin náà lè fi ẹnu yín fún Sípánà yín ní èyí tí kò ní tẹ́lẹ̀."

Gbogbo ìbínú tí Alọṣọ ti ń rù kiri láti ọjọ́ wọ̀nyí, kò mọ ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí mọ́. Kó tó ronú jìnnà, nọ́ọ̀sì ti tún bi í ní ìbéèrè mìíràn.

"Ìyá ọmọ tuntun yẹn ńkọ́? Ṣé ó máa ń sú sí i lẹ́nu?"

"Rárá. Tirẹ̀ máa ń jókòó sínú ni."

"Ó ṣeé ṣe kó má ní in nìyẹn, kó má sì sí ààbò kankan tó fún ọmọ náà wá sáyé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ sú fẹnu kan ọmọ náà o. Ara àgbàlagbà ló ń gbà á. Ọmọ ọjọ́ díẹ̀, ó lè pa á."

Alọṣọ ti dìde. Kò rántí bóyá ó dúpẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, kò gbé e. Ó tún un pè. Nígbà tó wọlé, Màmá wà lórí àga, ó gbé ọmọ sórí itan, ó ń gbé ẹnu sún mọ́ imú ọmọ náà.

"Màmá, ẹ dúró! Ẹ má fẹnu kàn án!"

Màmá gbójú sókè. "Kí ló dé? Ṣé iná ń jó ni?"

"Ẹnu yín. Ohun tó wà lẹ́nu yín, kì í ṣe ibà. Àrùn ni, ó lè pa ọmọ."

Àbúrò rẹ̀ jáde láti ilé ìwẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. "Àǹtí mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì ni."

"Nọ́ọ̀sì wo?" Màmá bi í. "Kí ló dé tí o fi lọ bá nọ́ọ̀sì? O lọ rojọ́ ẹnu mi ni?"

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn. Ó lè ní orí ló ń fọ́ òun. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń lọ rí nọ́ọ̀sì nítorí orí fífọ́, kó sì padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ètè ìyá rẹ̀? Wọn ò ní gbà á gbọ́, Màmá yóò sì fa imú ọmọ náà kílẹ̀ tó ṣú. Ojú ń tì í, ẹsẹ̀ ń ro ó, ó kàn fẹ́ jókòó ni. Kò jókòó.

"Mo bá ọkùnrin kan sùn," ó ní. "Ó ní irú àrùn yìí lábẹ́. Ẹ̀rù bà mí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé ọmọ yìí mọ́, kì í ṣe ìlara. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Òun ló sọ fún mi pé èyí tó wà lẹ́nu yín, tó wà lẹ́nu èmi náà, ọ̀kan náà ni."

Màmá dìde tọmọtọmọ. "O lọ bá ọkùnrin sùn, o wá ń fi àrùn ẹ̀ wé ibà tèmi? Èmi tí mi ò mọ ọkùnrin méjì láyé mi! Ṣé ẹnu tí mo fi tọ́ ẹ nìyí?"

"Ẹnu náà ni, Màmá. Ẹ má bínú."

Àbúrò rẹ̀ rìn wá, ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gba àwo tó fẹ́ bọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà.

"Kò mu ọmú dáadáa láti àárọ̀," ó ní. "Àǹtí mi, ẹ bá mi mú aṣọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ní ọsibítù, dókítà tó rí wọn kò fi àkókò ṣòfò. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ imú tí wọ́n fà, ó ní kí wọ́n dá wọn dúró. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ náà, wọ́n sì so oògùn mọ́ ọwọ́ tí kò ju ìka àgbàlagbà kan lọ. "Mi ò rí nǹkan kan lára rẹ̀," dókítà ní, "ṣùgbọ́n mi ò ní dúró kó yọjú kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn." Àbúrò rẹ̀ ní kí Alọṣọ gbé ọmọ náà nígbà tí wọ́n ń wá iṣan rẹ̀, nítorí òun kò lè wò ó. Ó gbé e. Ó ti gbàgbé bó ṣe fúyẹ́ tó.

Lọ́jọ́ kejì, Sípánà pè é. Ó gbé e.

"Mo ṣì ń bínú," ó ní kí ọkùnrin náà tó kí i. "Àmọ́ èmi náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ara tù mí díẹ̀ ná."

"Ó dáa," Sípánà ní. "Mo wà ńbí."

Màmá kò wọ yàrá tí ọmọ náà wà. Kò sì lọ sílé. Orí bẹ́ńṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà láti ìgbà tó ti tẹ̀ lé wọn dé, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tí nọ́ọ̀sì kan bá ń kọjá, á fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni èsì dé. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀, kò sí nínú omi ẹ̀yìn. Wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ méjì sí i, kí wọ́n tó lọ sílé. Ó ti ń mu ọmú. Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Alọṣọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti sọ fún ìyá wọn.

"Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀, Màmá. Ó ti bọ́."

Màmá mi orí. Kò mú áńkáṣíìfù kúrò. Alọṣọ jókòó tì í. Ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, ó sì mọ̀ pé tí òun bá pa ojú dé báyìí, òun máa sùn síbẹ̀.

"Èyí tí mo bí tẹ̀ lé ẹ," Màmá ní láti abẹ́ aṣọ náà. "O ò lè rántí ẹ̀. Ọkùnrin ni. Ọjọ́ méjìlá ló lò. Wọ́n ní ibà ló pa á."

Alọṣọ gbé ẹ̀yìn kúrò lára ògiri.

"Ẹnu mi sú nígbà yẹn. Mo rántí, nítorí gbogbo wọn ń kí mi kú ewu. Èmi ni mò ń fa imú ẹ̀." Màmá yíjú sí i. Ojú rẹ̀ gbẹ. "Ìwọ lo lọ bi nọ́ọ̀sì. Sọ fún mi. Ṣé èmi ni?"

Alọṣọ wò ó. Nọ́ọ̀sì kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ tó ti kú láti ọdún márùndínlógójì, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ mọ́. Ó nawọ́, ó rọra fa áńkáṣíìfù náà kúrò lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rárá, Màmá," ó ní. "Ẹ̀yin kọ́."

Màmá ń wò ó, ó ń wá nǹkan lójú rẹ̀. Alọṣọ kò gbé ojú kúrò, bó tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́ tó, ó sì tún un sọ.